Gelassen: Ọ̀rọ̀ Tí Àna Mi Fi Júwe Mi ní Barking

Láti ìgbà tí mo ti dé, ohun méjì ni ẹ ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ìdí iṣẹ́: bí òtútù ṣe rí, àti bóyá mo rí ààfin ọba. Òtútù wà. N kò rí ààfin. Ibi tí mo lọ jìnnà sí i. Barking ni wọ́n ń pè é, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo mú bọ̀ tó tọ́ kí n sọ fún yín, ọ̀rọ̀ kan ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ti àwọn ará Jámánì ni.

Ẹ mọ̀ mí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà kò fẹ́ ọ̀rọ̀. Mo ti di bàbá ọmọ kí n tó wọ ilé-ìwé àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tíṣà wa níbẹ̀ máa ń ní kí oníkálukú jáde wá tú orúkọ rẹ̀ palẹ̀ lójú pátákó, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo tú tèmi ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní oríkèé bí igi àga. Láti ìgbà náà, bí mo bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun, mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ohun tí mo gbé lọ

Ọmọ mi, Tèmilọpẹ́, ló fẹ́ bímọ. Matthias lọkọ rẹ̀, ará Jámánì, ó ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Nílé wa, bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ló ń lọ wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n Adúkẹ́ ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀yin náà wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Lọpẹ́ ní, “Dádì, ẹ̀yin lẹ máa wá.”

Mo ní kí ni ọkùnrin fẹ́ wá ṣe nídìí ìwẹ̀ ọmọ.

“Ẹ máa kọ́ ọ ni.”

Mo kọ́ ọ. Àbúrò Adúkẹ́ gbé ọmọlangidi lé mi lọ́wọ́, ó fi bí wọ́n ṣe ń di ọrùn mú hàn mí, àti bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ rọra o! Ọmọ ni, kì í ṣe pákó.”

Mo tún gbé nǹkan mìíràn lọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí Adúkẹ́ wà lórí àìsàn, ó pè mí mọ́ra, ó ní, “Bàbá Lọpẹ́, bí Lọpẹ́ bá bí obìnrin, wọn á ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní Yétúndé. Ẹ má gbà. Mi ò padà wá. Mo ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Ẹ má gbé mi lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.” Ó wá dárúkọ tí òun fẹ́ fún mi. A kì í pe orúkọ ọmọ sínú afẹ́fẹ́ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, nítorí náà n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní Lọpẹ́ gan-an. Bí mo ṣe ń kọ èyí náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀ títí a ó fi dé ọjọ́ náà.

Mo gbà fún un. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé Yétúndé gan-an ni ọkàn mi fẹ́. Mo fẹ́ orúkọ tí n ó máa pè, tí yóò dà bí ẹni pé òun ló ń dá mi lóhùn. Kò sì sí ẹlẹ́rìí láàárín wa. Bí mo bá sọ Yétúndé ní ọjọ́ kẹjọ, ta ni yóò bi mí?

Ẹnu ọ̀nà

Ọmọ ti dé kí n tó dé. Obìnrin ni.

Matthias wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń tijú. N kò mọ̀ pé ó ń tọ́jú ìyókù ìkíni pamọ́ dé ilé, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i. Bí mo ti wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn kò fẹ̀. Matthias sì ga. Orí rẹ̀ wà lẹ́bàá bàtà mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú kíṣìnì, ilẹ̀kùn kò ṣeé tì, atẹ́gùn òtútù ń wọlé bá wa.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ó ń wí látilẹ̀.

Obìnrin kan tó funfun nírun yọjú láti yàrá, ó sọ nǹkan ní èdè wọn. Ẹ̀rín pa Lọpẹ́.

“Dádì, ìyá rẹ̀ ni. Ó ń bèèrè bóyá ó ṣubú ni.”

Lọpẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀, mo ní kó má kúnlẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá Matthias wá sún mọ́ mi. Ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ dì í bíi mọ́ínmọ́ín. Ó na ọmọ sí mi, inú rẹ̀ dùn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ní, “Bàbá Lọpẹ́, ẹ wá wo Clara.”

Mo gba ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé, tí à bá ṣì máa pè ní ọmọ tuntun, ó ti lórúkọ. Lára ògiri tó wà níwájú mi, wọ́n ti fi pákó gé orúkọ náà ní lẹ́tà lẹ́tà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. Mo wò ó dáadáa. Ẹni tó gé e mọ pákó í gé; ó ha etí rẹ̀ títí ó fi dán. Matthias ni.

Búrẹ́dì dúdú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ àti ti àwọn ará ibẹ̀, kí ẹ má bàa ní mo fi í pamọ́.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ìyá Matthias kì í dáná. Yóò kó pákó pẹrẹsẹ kéékèèké síwájú oníkálukú dípò àwo, yóò gé búrẹ́dì dúdú, wàràkàṣì, kùkúńbà àti ẹran tútù sí i. Oúnjẹ alẹ́ wọn nìyẹn, kò sí gbígbóná. Búrẹ́dì náà kan bí ògì tó ti pẹ́ nínú omi. Obìnrin náà ń wo ẹnu mi. Mo jẹ ẹ́ tán; ó bù kún un. Mo tún jẹ ẹ́ tán; ó tún bù kún un.

“Dádì, ẹ sọ pé ó tó,” Lọpẹ́ ń fẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì. “Bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, ó máa bọ́ yín di ọ̀la.”

Lọ́jọ́ kejì mo se ọbẹ̀ ata fún ìyá ọmọ, èmi náà sì ń wo ẹnu Ìyá Matthias. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mu omi kọ́ọ̀bù kan. Ó sì tún na àwo rẹ̀ sí mi. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ ara wa.

Ní ọjà East Street, Matthias fi mí sílẹ̀ níwájú ọkùnrin kan tó ń ta iṣu, ará Bangladẹ́ṣì. Ó pariwo sí mi, “Bàbá, ẹ wá, ẹ wá! Iṣu dáadáa rèé!” Mo bi í níbi tó ti gbọ́ Yorùbá. Ó ní, “Lọ́dọ̀ àwọn màmá yín. Wọ́n ti ń nájà kí n tó ráyè kí wọn.”

Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò kì í kí ara wọn bíi tiwa. Bàbá arúgbó òyìnbó kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé mo wà dáadáa. Mo dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn: ọmọ wà dáadáa, ìyá ọmọ wà dáadáa, orúnkún mi ló kù. Kí n tó dé orí orúnkún, bàbá náà ti yà sí kọ̀rọ̀. Lọpẹ́ ṣàlàyé pé ìkíni ni, kì í ṣe ìbéèrè. Mo ní ìlú wo ni wọ́n ti ń bèèrè àlàáfíà ènìyàn tí wọn kì í gbọ́ èsì.

Màmá Ṣeun

Bàbá kò lè fi omi gbígbóná tẹ ikùn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nítorí èyí ni Màmá Ṣeun ṣe ń wá láti Eastbury. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà ni wá. Òun àti Adúkẹ́ jọ kọrin nínú kúáyà nílé kó tó rìnrìn-àjò. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì lè jí òkú.

Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó gbójú sókè, ó rí ògiri.

“Ta ló kọ èyí?”

“Àwa ni, mà,” Lọpẹ́ dáhùn. “Clara ni. Wọ́n ti bèèrè ní ọsibítù.”

“Kẹ́ ẹ tó sọ ọmọ lórúkọ? Ẹ̀ ń polówó rẹ̀ ni? Ọmọ tí ìyá rẹ kú kó tó dé, tó sì jẹ́ obìnrin, ta ló tún ń bèèrè orúkọ rẹ̀? Yétúndé ni! Ẹ wo imú Adúkẹ́ níbẹ̀. Bàbá Lọpẹ́, ẹ sọ̀rọ̀ o!”

Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

“Ọmọ wọn ni,” mo ní. “Ilé bàbá ọmọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.”

“Ní ọjọ́ kẹjọ! Ẹ gbọ́ mi? Ní ọjọ́ kẹjọ!”

Ìyá Matthias gbé tíì wọlé, ó bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lọpẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì yọ àwọn egungun inú rẹ̀ kúrò. Síbẹ̀ obìnrin náà lóye. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé tíì sílẹ̀, ó ń wo àwọn lẹ́tà ara ògiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi.

Mo dìde. Mo ní omi ìwẹ̀ ọmọ ń tutù.

Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ lé ojúgun mi, mo ń wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìyá Matthias dúró tì mí, ó ń wò mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó sọ nǹkan fún ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Kí ló wí?” mo bi Matthias.

“Ó ní ẹ jẹ́ ènìyàn tó... gelassen.” Matthias ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i.

“Ó ní ọkàn yín balẹ̀, Dádì,” Lọpẹ́ gbà á sọ. “Pé nǹkan kan kì í mì yín.”

“Ọkàn balẹ̀ kẹ̀!” ni Màmá Ṣeun wí. “Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹsẹ̀ ọmọ kan náà ni ọwọ́ mi ti ń fọ láti ìgbà tí mo ti jókòó.

Nínú ọgbà Mayesbrook

Ọgbà ńlá kan wà nítòsí ilé wọn tí adágún omi wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ìyá Matthias ti ọmọ lọ síbẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí Lọpẹ́ lè sùn. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ. Kì í ṣe èdè tèmi, kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà a kì í sáré. Àlejò méjì kì í fi ìkánjú bá ara wọn lò.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Mo ṣe àṣìṣe. Nílé wa, bí wọ́n bá bí ọmọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni orúkọ. Mo rò pé inú yín yóò dùn láti gbọ́ ọ.”

“Ẹ kò mọ̀,” mo ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi pè mí lánàá, níbo ló ti wá?”

Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró. Tíṣà èdè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ tàn. “Kò sí ẹni tó bi mí nírú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹ gbọ́. Lassen: láti fi nǹkan sílẹ̀, láti jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Gelassen ni ẹni tó ti fi sílẹ̀.”

“Kí ló fi sílẹ̀?”

“Á à! Àwọn ẹlẹ́sìn ayé àtijọ́ ló lè dá yín lóhùn. Àwọn tó ń gbé inú àdúrà ló lo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, ẹni tó ti fi ayé sílẹ̀, tó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ pàápàá sílẹ̀, tó jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ọlọ́run, òun ni gelassen. Nígbà tó pẹ́, ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nílé àdúrà, ó bọ́ sí ìgboro. Lónìí a lè fi pe awakọ̀ tí kì í tẹ họ́ọ̀nù.”

“Wọ́n ti yọ Ọlọ́run kúrò nínú rẹ̀?”

“Ọ̀pọ̀ wọn kò rántí pé ó wà níbẹ̀ rí.”

A rìn díẹ̀. Mo ń tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ nínú ara mi. Tiwa ni pé kí ọkàn balẹ̀, kó dé ilẹ̀, kó dúró. Tiwọn ń bi ọ́ léèrè ohun tí o gbé lọ́wọ́ tí ọkàn rẹ kò fi lè balẹ̀.

“Ìyá Matthias,” mo ní, “ẹ fún mi ní ohun tí kì í ṣe tèmi. N kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀.”

Mo wá sọ fún un. Mo sọ ti Adúkẹ́, mo sọ pé ó fi orúkọ kan lé mi lọ́wọ́, àti orúkọ tó kọ̀, tí ọkàn tèmi sì fẹ́. Ó bèèrè ìtumọ̀ Yétúndé. Mo ní, “Ìyá tún dé.” Àwọn pẹ́pẹ́yẹ rọra ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá.

“Ọkọ mi náà ti kú,” ó ní. “Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ yìí fún mi, ojú ọkọ mi ni mo ń wá nínú ojú rẹ̀. N kò rí i. Ká sòótọ́, inú bí mi sí ọmọ náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sín. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tó ń sín bẹ́ẹ̀, bí ológbò. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé àlejò ló dé, ẹni tí n kò mọ̀ rí.”

Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ. “N ó yọ àwọn lẹ́tà yẹn kúrò lára ògiri.”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Matthias gé wọn dáadáa.”

“Èwo lẹ máa wá sọ ní ọjọ́ náà? Tiyín àbí ti ìyàwó yín?”

Mo ní n kò mọ̀. Mo sọ òótọ́.

Ọjọ́ kẹjọ

Òwúrọ̀ ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀ wá nínú aṣọ funfun. Bàtà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. A tan àbẹ́là, a gbé omi, oyin àti iyọ̀ kalẹ̀. Màmá Ṣeun ló ń darí, ta ni ìbá tún jẹ́? Ó gbàdúrà, a ṣe àmín. Ó wá ní kí àgbà ilé bàbá ọmọ dìde kó sọ orúkọ.

Ìyá Matthias dìde. Ó ti wọ aṣọ funfun kan tí Lọpẹ́ yá a. Ó tóbi jù ú lọ. Ó ní, “Èmi ti sọ tèmi kó tó tó àkókò. N kò mọ̀ pé ó ní ọjọ́. Orúkọ náà dára, a ó máa pè é. Ṣùgbọ́n ààyè àkọ́kọ́ ti òní, mo fi í sílẹ̀ fún Bàbá Lọpẹ́.” Ó sì jókòó.

Màmá Ṣeun tẹrí ba fún un. “Ìyá àgbà, ẹ ṣeun,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Ilé yín kọ́ yín.” Ó yíjú sí mi. “Ó yá, Bàbá. Ẹ sọ ohun tí gbogbo wa ti mọ̀.”

Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Màmá Ṣeun ti ń mi orí, ó ń fi ètè sọ Yétúndé fún mi láìpariwo, bí ìgbà tí tíṣà bá ń ran ọmọ lọ́wọ́. Orúkọ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Ó dùn. Kí n kàn yanu ni ó kù.

Mo wo ọmọ náà. Ojú rẹ̀ là. Mo wá Adúkẹ́ nínú rẹ̀. Mo wá a níbi imú, mo wá a níbi iwájú orí. Ọmọ náà ń wò mí padà bí ẹni tó ń wo àlejò, láìsí ìbẹ̀rù, láìsí ìrántí kankan. Kò mọ ẹni tí mo ń wá. Kò sí ohun tó kàn án nínú rẹ̀.

Mo ní, “Adúkẹ́ fi orúkọ kan rán mi kó tó lọ. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò padà wá. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ tó, òun ń sinmi. Ó ní ayọ̀ ló padà wá. Ayọ̀túndé ni ó sọ ọ́.”

Lọpẹ́ bú sẹ́kún. “Mọ́mì ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Òun ni.”

“Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ tó?” Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì nìyẹn! Mọ́mì gan-an nìyẹn!”

Mo wo Màmá Ṣeun. Mo rò pé yóò bá mi jà. Ó fi etí aṣọ nu ojú. “Adúkẹ́,” ó ní, bí ẹni pé obìnrin náà wà nínú yàrá. “O ò jẹ́ ká rí ọ mú, àní nínú orúkọ.” Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn rẹ̀ sókè. “Ayọ̀túndé! Ẹ pè é kó gbọ́!”

Wọ́n pè é. Matthias pè é, ó gbé ohùn gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Màmá Ṣeun ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Ìyá rẹ̀ náà pè é, ó sì sàn ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Ó wo gbogbo wa láti rí i dájú pé a gbọ́. Oyin kan ètè ọmọ, ó yọ ahọ́n tẹ̀ lé e.

Nígbà tí àwọn àlejò jẹun tí wọ́n lọ, Lọpẹ́ sùn, Ìyá Matthias ń fọ abọ́. Mo gbé ọmọ náà lọ síbi fèrèsé, níbi tí oòrùn díẹ̀ ti wọlé. Láti ọjọ́ tí Adúkẹ́ ti kú, kò sí ẹni tí mo pe orúkọ rẹ̀ kí n má retí, níbì kan nínú mi, pé Adúkẹ́ ni yóò dá mi lóhùn. Mo gbé ọmọ náà sún mọ́ ojú mi, mo pè é. Ó yíjú sí mi.

Òun nìkan ni mo pè.